Bí A Ṣe Ń Ka Agbo Elk àti Àgbọ̀nrín, Tí A sì Ń Wádìí Ohun Tí Ó Ń Dín Wọn Kù

Ní ìgbà òtútù ọdún 1994, nǹkan bí 19,000 elk, ẹranko ńlá kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, ni àwọn òṣìṣẹ́ kà láti inú bàálù ní apá àríwá Ọgbà Ẹranko Yellowstone ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, iye tí wọ́n rí kà kò pé 4,000. Láàárín ìgbà náà, ní ọdún 1995 àti 1996, wọ́n ti kó ìkookò 31 wá láti Kánádà sínú ọgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yára di gbogbo ẹ̀bi náà ru ìkookò. Bí onímọ̀ nípa ẹranko igbó ṣe ń tọpa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kọ́kọ́ yan ìgbà tí o ó kà wọ́n. Ìgbà òtútù ni ó dára jù, nítorí pé yìnyín a máa lé elk sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí àfonífojì, ara wọn a sì hàn kedere lórí ilẹ̀ funfun. Pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn-ẹkùn, kí bàálù mélòó kan sì fò ní ọjọ́ kan náà, kí a má baà ka agbo kan lẹ́ẹ̀mejì. Agbo àríwá Yellowstone a máa rékọjá ààlà ọgbà lọ sí ìpínlẹ̀ Montana. Bí a kò bá kà wọ́n níhà méjèèjì, èyí tí ó kàn ṣí lọ yóò dà bí èyí tí ó ti kú.

Lẹ́yìn èyí ni kí o ṣírò àwọn tí ojú kò rí, iṣẹ́ tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Elk tí ó dá dúró lábẹ́ igi ṣòro láti rí ju ọgọ́rùn-ún tí ó ń jẹko ní gbangba lọ. Nítorí náà, a máa ń so kọ́là rédíò, ìgbànú ọrùn tí ó ń fi ìró rédíò ránṣẹ́, mọ́ àwọn kan lọ́rùn ṣáájú. Ká ní elk 50 ni ó wọ kọ́là, tí àwọn tí ń kà rí 40 nínú wọn, a jẹ́ pé mẹ́rin nínú márùn-ún ni ojú wọn ń ká. Bí gbogbo ohun tí wọ́n kà bá jẹ́ 3,200, agbo náà yóò tó 4,000.

Má ṣe dúró lórí àpapọ̀ iye. Ya akọ, abo àti ọmọ sọ́tọ̀, kí o sì wo iye ọmọ tí ó wà fún abo 100, nítorí pé agbo tí ọmọ rẹ̀ kò tó nǹkan ti ń darúgbó lọ, bí iye rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì dín. Ṣe èyí kí ìgbà òtútù tó parí. Ìwo àgbọ̀nrín igbó tiwa kì í jábọ́, ṣùgbọ́n ti akọ elk a máa jábọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù, nígbà náà ó sì ṣòro láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo láti òkè.

Ohun tí ó ń pa wọ́n ni ó kàn. Bí ẹranko tí ó wọ kọ́là kò bá mira fún wákàtí mélòó kan, ìró rédíò rẹ̀ yóò yí padà, kí o sì tètè débẹ̀ kí àwọn ajẹ̀kù tó ba àmì jẹ́. Bó awọ ara rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ́jọ sábẹ́ ibi tí eyín ti wọlé, ààyè ni a bù ú jẹ, bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti kú tẹ́lẹ̀. Fọ́ egungun itan rẹ̀. Mùdùnmúdùn tí ó funfun tí ó sì le jẹ́ ti ẹranko tí ó jẹun kánú, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ́n tí ó sì ń yọ̀ jẹ́ ti èyí tí ebi ti han léèmọ̀. Yọ eyín kan pẹ̀lú, nítorí pé bí a bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìlà inú gbòǹgbò rẹ̀ yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ elk tuntun ní Yellowstone láti 2003 sí 2005, ó sì hàn pé béárì ni ó pa èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó kú, ó ju ti ìkookò lọ dáadáa. Bí a bá fi àwọn abo tí ọdẹ pa lẹ́yìn ààlà ọgbà nígbà náà àti ọ̀dá kún un, kò tọ́ kí a di gbogbo rẹ̀ ru ẹranko kan ṣoṣo.

Fún àgbọ̀nrín inú igbó kìjikìji, tí bàálù kò lè rí, ìgbẹ́ wọn ni a ń kà. Gbá àwọn ojú ilẹ̀ kan mọ́, kí o padà wá lẹ́yìn 100 ọjọ́, kí o ka òkìtì ìgbẹ́ tuntun, kí o sì fi iye tí àgbọ̀nrín kan ń ṣu ní gbogbo 100 ọjọ́ náà pín in. Fún àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà, 13 lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò. Òkìtì 130 lórí hẹ́kítà kan túmọ̀ sí àgbọ̀nrín 10 nínú kìlómítà kan níbùú lóòró.

Tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún ní àsìkò kan náà àti lójú ọ̀nà kan náà. Ọdún tí ojú ọjọ́ kò bá jẹ́ kí bàálù fò, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé, má ṣe fi àbá dí i.