Inú Rírun: Ẹ Má Gbẹ́sẹ̀ Lé Àrokò Ìfun Yín

Obìnrin kan tó ń ta ata lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ na ọ̀rá kékeré kan sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oògùn oríṣi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kẹ́mísì ló pò ó fún mi. Tí inú bá ti ń run mí, mo gbé e mì nìyẹn." Mo rí diclofenac, oògùn ìrora, níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àyà mi já.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń ṣe sí inú wa, èyí ló ń dùn mí jù.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bo inú ìfun, ara sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5. Tí ibì kan bá bó, àwọn sẹ́ẹ̀lì á pàrokò síra wọn. Àrokò àkọ́kọ́ ń pe ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni ibẹ̀ ń wú, tó ń ta. Ṣùgbọ́n ogun yìí kì í ṣàdédé tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní macrophage á gbé òkú ọmọ ogun mì, wọ́n á wá tú àrokò kan tó ń jẹ́ interleukin-10 jáde: ó tó, ẹ sinmi. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí ara wọn ò lè gbọ́ àrokò yìí. Láti ọmọ ọwọ́ ni ìfun wọn ti ń wú, tó ń dégbò. Àrokò mìíràn, interleukin-22, ní tirẹ̀ ń sọ fún ìfun pé kó tún ògiri rẹ̀ mọ.

Prostaglandin náà jẹ́ àrokò. Òun ló ń mú kí ibi tó bó máa ro wá, òun náà ló sì ń dáàbò bo inú, tó ń jẹ́ kí egbò jinná. Ní 1971, John Vane, onímọ̀ nípa oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé aspirin ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe é. Iṣẹ́ kan náà ni ibuprofen àti diclofenac ń ṣe. Ẹni tó bá ń gbé wọn mì nítorí inú rírun ń já okùn tí ìwòsàn fẹ́ bá wọlé. (Ẹni tí dókítà kọ aspirin fún nítorí ọkàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró láìbi í.)

Ẹ má sì máa sáré gbé oògùn apakòkòrò bíi Flagyl tàbí tẹtrasíkílìn mì nítorí pé ẹ yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń pa kòkòrò rere tó ń sọ fọ́nrán ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà di butyrate, oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá, tó tún ń pẹ̀tù sí ìwúlé. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí inú rẹ̀ ń bó inú sí i ni.

Ara ń fi òróró ẹja títù ṣe resolvin, tó ń paná ìwúlé. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò oògùn tí wọ́n kọ fún yín.

Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń rù, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ní kí obìnrin náà má da ọ̀rá yẹn nù, kó mú un dání kí dókítà lè rí ohun tó ti ń lò. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.