Bí mo ṣe tú ìpínrọ̀ kan palẹ̀, tí mo sì tún un so

Alẹ́ ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí èsì mi àkọ́kọ́ nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, jáde. Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ni mo ti ṣí i lórí fóònù: ìgbọ́rọ̀ 7.5, ìwé kíkà 7.0, ọ̀rọ̀ sísọ 7.5, ìwé kíkọ 6.0. NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè 6.5 fún ìwé kíkọ àti 7.0 fún mẹ́ta yòókù. Ìdajì máàkì péré ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí dọ́kàn, torí pé ìwé kíkọ gan-an ni mo fọkàn tán jù.

Ohun mẹ́rin ni àwọn olùyẹ̀wé ń wò nínú àròkọ tí à ń kọ ní abala ìwé kíkọ, bákan náà ni máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bóyá a dáhùn ìbéèrè, bí èrò ṣe so mọ́ra, irú ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ ọ́n lò, àti gírámà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wà níta fún gbogbo ènìyàn, mo wá jókòó kà á fúnra mi. Ẹni tó bá gba 6, ìsopọ̀ gbólóhùn rẹ̀ lè ní àbùkù, tàbí kó dà bí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gba 9, ó ṣọ̀wọ́n kí ìsopọ̀ tirẹ̀ tó gba ojú ẹni tó ń kà á. Èmi tí mo ti há ogójì ọ̀rọ̀ asopọ̀ sórí! Níbi tí mo ti gba lẹ́sìnnì, wọ́n tẹ gbogbo wọn sórí ìwé kan fún wa, wọ́n ní kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣáà ti fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Mo sì gbọ́ràn.

Ìpínrọ̀ tí mo tú palẹ̀ nìyí. Ìbéèrè náà ni bóyá kí ìjọba náwó sórí dídènà àrùn tàbí sórí ìtọ́jú rẹ̀:

"Firstly, prevention is cheaper than treatment. Moreover, a mosquito net can last for three years. Furthermore, a child who has malaria may spend days in hospital. In addition, the mother will not go to market. Therefore, the government should spend on prevention."

Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí gírámà rẹ̀ burú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ohun tó ṣe é. Mo gbé e fún bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni 'moreover' yìí ń bù kún?"

Mo ní, "Ó ń bù kún ti pé ìdènà kò náni lówó púpọ̀ ni, sà."

"Ṣé nǹkan mìíràn wá ni àwọ̀n ẹ̀fọn? Ṣebí àpẹẹrẹ ìdènà náà ni."

Ẹnu mi wọhò. Mo gba ìwé náà padà, mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ asopọ̀ tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Láàárín gbólóhùn kan àti èkejì, mo wá kọ ìbéèrè tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ yóò bi wá, ní Yorùbá. Ìdènà kò náni lówó tó ìtọ́jú. Bíi kí ni? Àwọ̀n ẹ̀fọn lè lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ọmọ tí ibà wá mú ńkọ́? Ó lè sùn sí ọsibítù fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá rẹ̀ ńkọ́ ní gbogbo ọjọ́ yẹn? Kò ní lè lọ sọ́jà. Kí la wá fẹ́ kí ìjọba ṣe?

Mo wò ó síwá sẹ́yìn. Kò síbi kankan tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé "kí ló tún kù?", bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni "moreover", "furthermore" àti "in addition" ń dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn ohun tí a kò bi mí. Mo tún un kọ báyìí:

"Prevention is cheaper than treatment. A mosquito net, for example, can protect a child for about three years, whereas a single attack of malaria may keep that child in hospital for days. During those days the mother cannot go to market, so the family loses money twice. Public money should therefore go to the net first."

Ọ̀rọ̀ tó ṣiṣẹ́ jù nínú rẹ̀ lójú tèmi ni "that child" àti "those days", kì í ṣe "therefore". Kò sí ìkankan nínú wọn lórí ìwé ológójì yẹn. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ dàgbà mọ̀ wọ́n dáadáa: obìnrin kan wà, obìnrin náà kò rọ́mọ bí, àìrọ́mọbí yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo. "Náà" àti "yìí" ló ń fa ìtàn lọ.

Ibi tó pẹ́ mi jù ni ibi tí Yorùbá tí mo gbọ́ dáadáa ti ń tì mí ṣubú ní Gẹ̀ẹ́sì. A máa ń sọ pé "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀, síbẹ̀ wọ́n wá." Ó dán mọ́rán bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, ọ̀kan ló ń fẹ́: tí "although" bá ti wà níwájú, "but" kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e mọ́. Mo yẹ àwọn àròkọ àtijọ́ mi wò, mo bá "although" àti "but" nínú gbólóhùn kan náà nígbà méje. "Because" àti "that is why" náà wà níbẹ̀, torí pé "nítorí pé kò sówó, ìdí nìyẹn tí kò fi wá" dùn lẹ́nu wa. Ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí mo ń fa ìlà sí ọ̀kan nínú méjèèjì.

"However" tún ní wàhálà tirẹ̀. Mo ti máa ń fi í rọ́pò "but" bí ẹni pààrọ̀ aṣọ: "The drug is cheap, however many people cannot find it." Àṣìṣe ni. Ohun tó là mí lójú ni "ẹ̀wẹ̀". Ẹ wo "bàbá ẹ̀wẹ̀ kò gbà": ẹ̀yìn olùwà ló jókòó sí, kò so gbólóhùn méjì pọ̀. "However" náà lè ṣípò, a lè kọ ọ́ pé "many people, however, cannot find it." "But" kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá dán ọ̀rọ̀ kan wò tó sì lè kúrò níwájú gbólóhùn lọ sí àárín, mo mọ̀ pé kọ́mà nìkan kò tó ṣáájú rẹ̀. Àmì ìdánudúró tàbí semicolon (;) ni mo máa ń fi síbẹ̀. Bí a ṣe ń lo "therefore" náà nìyẹn.

"On the contrary", mo yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. "Rárá o" ló túmọ̀ sí, ó ń já ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ nírọ́. Mo sì ti ń lò ó fún "ní ìhà kejì".

Ní ọjọ́ ìdánwò kejì, nínú ogójì ìṣẹ́jú tí mo yà sọ́tọ̀ fún àròkọ náà, mo fi márùn-ún àkọ́kọ́ kọ ìbéèrè Yorùbá mi sétí ìwé: bíi kí ni, kí ló fà á, ìyẹn wá ńkọ́. Nígbà tí mo dé ìpínrọ̀ kẹta, ọwọ́ mi fẹ́ kọ "Furthermore". Mo dúró, mo béèrè ohun tó ń bù kún. Ìdí kejì ni, òmíràn pátápátá, kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹyọ kan yẹn náà ni mo lò nínú gbogbo àròkọ náà. Nígbà tí èsì dé, 6.5 ni wọ́n fún mi.