Bí mo ṣe fi tàdáwà ya ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu

Bébà méje ni mo bà jẹ́ kí n tó rí ẹyọ kan tó ṣeé wò. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo fẹ́ yà. Mo fẹ́ kí ilà fúnra rẹ̀ máa jó, bíi ti ayàwòrán Kirchner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Die Brücke sílẹ̀ ní Dresden, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1905. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìṣẹ́jú 15 péré ni ẹni tí wọ́n ń yà máa ń fi dúró kó tó yí ara padà. Kò sáyè àtúnṣe.

Èmi ọ̀mọ̀ràn, pẹ́ńsù ni mo kọ́kọ́ fi yà á, mo wá ń fi tàdáwà tọ ojú ilà. Ó rí bí igi tí wọ́n ró láṣọ. Ẹ̀rù kí n má yà bàrá ló ń ba ọwọ́ mi, ó sì hàn lójú bébà.

Mo bá lọ bá àfáà àdúgbò wa. "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kálámù." Wọ́n ní, "Ìwọ tí o ò kéwú!" Ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ọ̀kan fún mi. Bí mo bá rọra fà á, tàdáwà a sun jáde, ilà a sanra. Bí mo bá fà á wìì, a ha bébà, funfun a yọ láàárín dúdú.

Lọ́jọ́ ijó, mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ère orí kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, níbi tí ṣaworo ti ń dún. Nítorí náà, ilà kan ṣoṣo tó sanra ni mo fún orí. Ní ti aṣọ, mo dìde dúró, mo fi gbogbo apá fà á láti èjìká. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ti kálámù bọ tàdáwà lẹ́ẹ̀kan, mo gé ilà kéékèèké, ṣá, ṣá, títí ó fi gbẹ. Tàdáwà kán sí ọrùn ẹsẹ̀ kan. Mo fi í sílẹ̀, ó jọ eruku.

Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń jó o. Wọ́n ń fi ìka kan àwọn ilà ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹnu lù ú. Nígbà tó di ìkẹrin, wọ́n dákẹ́.

"Ọ̀kan sọnù níbí."