Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí ìjẹ́rìí QSO: káàdì, LoTW àti eQSL

Ọ̀kan lára àwọn káàdì QSL (káàdì tí àwa onírédíò àmátọ̀ fi ń jẹ́rìí QSO, ìyẹn ìbánisọ̀rọ̀ wa lórí afẹ́fẹ́) tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. 14 MHz ni mo fẹ́ kọ, ọwọ́ mi yẹ̀, mo kọ 18. Mo fa ìlà sí i, mo kọ 14 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo lẹ àpòòwé pa. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ímeèlì ẹni tí mo kọ ọ́ sí dé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ òmíràn. Wọn ò gba èyí." Ó ti gbé e tọ ẹni tí ń yẹ káàdì wò fún DXCC (àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tó ti bá ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀) lọ, wọn kì í sì í ka káàdì tí wọ́n bá ti tún kọ. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, òun ni ìyà rẹ̀ jẹ.

Bí ọ̀rọ̀ QSL ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rí tí o ń wá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èyí tí òun náà ń wá sì wà lọ́wọ́ rẹ. Àwa onírédíò àmátọ̀ fẹ́ràn láti máa jiyàn bóyá káàdì ló dára jù ni tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ka iyàn yẹn gan-an mọ́ àṣìṣe. Ohun tó yẹ kí o béèrè ni pé kí ni ẹni kejì fẹ́ fi ẹ̀rí náà ṣe, ta ni yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú eQSL, ìyẹn káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2000 ló ti wà, ó rọrùn, àwòrán rẹ̀ sì máa ń wuni. Ṣùgbọ́n ARRL, ẹgbẹ́ onírédíò àmátọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ni DXCC, kì í gbà á. Àwọn kan á tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tó nípọn, wọ́n á gé etí rẹ̀ dáadáa, wọ́n á kó o jọ títí yóò fi lé ní ọgọ́rùn-ún, nígbà tí wọ́n bá wá gbé e lọ, kò ní sí èyí tí wọ́n kà níbẹ̀. Kódà bí o bá tẹ̀ ẹ́ sórí góòlù, eQSL náà ni. Káàdì gidi tàbí LoTW, ètò ìjẹ́rìí orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ARRL fúnra wọn gbé kalẹ̀ ní ọdún 2003, ni DXCC mọ̀. Èyí kò sọ eQSL di yẹpẹrẹ o: ó ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀, àwọn kan lára àmì ẹ̀yẹ CQ, ìwé ìròyìn onírédíò, náà sì gbà á. Àmọ́ wọ́n ń fẹ́ AG, ìyẹn àmì pé eQSL ti yẹ ìwé rẹ wò, wọ́n sì mọ̀ pé ìwọ lo ni àmì ìpè náà, orúkọ tí ò ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ kò ṣe ìyẹn rí. Wọ́n ń fi eQSL ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó ń gbà á kò sì rí i lò fún àmì ẹ̀yẹ kankan.

LoTW ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, torí pé kì í pariwo. Ìwọ yóò fi lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ QSO) tìrẹ ránṣẹ́, ẹni kejì yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rí ti ẹnìkejì rẹ̀. Bí àmì ìpè méjèèjì, báǹdì àti irú ìtàgbà (ohùn, Morse tàbí dátà) bá dọ́gba, tí aago yín kò sì fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ síra, ẹ̀rí ti dé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún ọ. QSO náà á kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò mọ̀nà ilé.

Aago ló sì máa ń fà á jù. Ká ní aago ibi tí o wà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago àgbáyé tí a fi ń kọ lọ́ọ̀gì. O bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní aago 00:20 òru ọjọ́ Sátidé. Ní UTC, 23:20 ni, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ sì wà. Bí o bá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí aago ògiri ṣe wí, wákàtí ti yẹ̀, ọjọ́ náà ti yẹ̀, kò sì sí bí ẹ óò ṣe pàdé láéláé. Lórí káàdì, ojú ènìyàn lè rí i kó sì dárí jì ọ́. Kọ̀ǹpútà kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti fi ọgọ́rùn-ún QSO ránṣẹ́ tí bóyá méjì péré padà, má tíì máa bú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Yẹ aago inú ètò lọ́ọ̀gì rẹ wò ná, tún un ṣe, kí o sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èkejì ni Station Location (ibùdó tí o ti ṣeré) inú TQSL, ètò tí a fi ń fọwọ́ sí lọ́ọ̀gì fún LoTW. O gbé rédíò rìnrìn-àjò, o ṣeré níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, o padà délé, o wá fi lọ́ọ̀gì náà ránṣẹ́ lábẹ́ ibùdó ilé. Gbogbo ẹni tó ń ṣa grid (àwọn onígun tí a pín àwòrán ayé sí) jọ yóò gba grid ibi tí o kò sí. Ẹ̀rí èké lo fún wọn yẹn, bí o kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Ṣe ibùdó tuntun fún ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Bí o bá sì fi /P (àmì pé o kò sí nílé) kún àmì ìpè rẹ, ó ní ìwé ẹ̀rí LoTW (certificate) tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé ẹ̀rí yẹn, inú kọ̀ǹpútà rẹ ló ń gbé. Ọdún mẹ́ta ló ń lò. Fáìlì .p12 rẹ̀ ni kí o dà kọ síbòmíràn lónìí, torí bí kọ̀ǹpútà bá kú, o máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Má sì ṣe sọ LoTW di àpótí tí lọ́ọ̀gì rẹ ń gbé; ẹ̀rí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu kọ̀ǹpútà ARRL, LoTW sì wà ní pípa títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ẹni tó ní lọ́ọ̀gì tirẹ̀ nílé sùn dáadáa.

Ti káàdì wá ńkọ́? Má kọ àmì ìpè sí ẹ̀yìn àpòòwé. Àwọn olè inú ìfìwéránṣẹ́ kan ti mọ̀ pé owó dọ́là máa ń wà nínú irú rẹ̀. Má fi sítáǹpù orílẹ̀-èdè tìrẹ sínú rẹ̀ kí wọ́n fi dá èsì padà. Kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí IRC (kúpọ́ọ̀nù tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń pààrọ̀ fún sítáǹpù) lo bá fi sí i, wo ọjọ́ tí yóò kú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ara rẹ̀. Bí ojú ewé ẹni kejì lórí QRZ, ìkànnì tí a ti ń wá onírédíò, bá ní kí o gba ọ̀dọ̀ manager (ẹni tó ń bá a bójú tó káàdì), ibẹ̀ ni kí o gbà. Bí ó bá lo OQRS (ọ̀nà láti béèrè káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ti ìkànnì Club Log, tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí o sì dúró, kò nílò káàdì tìrẹ rárá. Ọ̀nà bureau, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń kó káàdì jọ fi ránṣẹ́ pọ̀, ń pẹ́, ó lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹgbẹ́ kan kì í sì í gba káàdì fún ẹni tí kò bá wọn ṣe ẹgbẹ́. Tí o bá sì ń kọ ọjọ́, kọ orúkọ oṣù. 05/06 ní ìtumọ̀ méjì.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí o lọ tún lọ́ọ̀gì rẹ kọ kó lè bá ti ẹlòmíràn mu. Bí wọ́n bá sọ pé o kò sí nínú lọ́ọ̀gì wọn, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbọ́ lẹ́tà kan nínú àmì ìpè rẹ ní òdì. Kọ ímeèlì kan ṣoṣo: ọjọ́, aago UTC, báǹdì, irú ìtàgbà, àmì ìpè rẹ ní kíkún. Má fi ìbínú kún un. Bí wọ́n bá wò ó, tí wọ́n sì ní àwọn kò rí ọ, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń dá lóhùn nígbà tí o rò pé ìwọ ni. Gbé gbohùngbohùn, kí o tún pè wọ́n.