Pickup mi ò bàjẹ́: bí mo ṣe pààrọ̀ pickup gìtá mi

Owó tí mo fi ra pickup tí wọ́n fọwọ́ ṣe, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ìró okùn lára gìtá, tó ń gbé e lọ sínú áńpù, kò dùn mí. Èyí tí mo ná lẹ́yìn tó dé ọwọ́ mi ló dùn mí, pàápàá èyí tí mo kó fún ẹni tó ní òun ń tún un ṣe, tó sì jẹ́ pé wáyà méjì péré ló yẹ kó yí padà. Mo ń kọ ọ́ kí ẹlòmíì tó ń ta gìtá ní Èkó má baà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Oríṣi Stratocaster, gìtá iná tí iléeṣẹ́ Fender ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ni gìtá mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà. Pákó rẹ̀ dára, ọrùn rẹ̀ bá ọwọ́ mi mu, n ò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Ṣùgbọ́n pickup mẹ́ta inú rẹ̀, ti ọrùn, ti àárín àti ti ìdí, ti ń dààmú mi tipẹ́. Bí iná NEPA bá wà, ó ń kùn. Bí a bá tan jẹnẹrétọ̀, ó ń kùn. Bí single coil, pickup oníwíwé kan, ṣe rí nìyẹn: wáyà bàbà tí wọ́n wé yí òòfà ká, tó ń gbọ́ ìró okùn, náà ló ń gbọ́ iná inú wáyà ilé, tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nílẹ̀ wa. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí n ò lè fara dà ni ti òde kan tí a lọ ṣeré ní Sùúrùlérè. Bí a ṣe gbé áńpù sókè, pickup ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í han goooro, ti àárín sì dá a lóhùn. A ń ki ìyàwó lọ́wọ́ ni o! Ọ̀gá wa ní kí n rẹ gìtá sílẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí mo tú u nílé, mo rí i pé irin lásán ni òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lábẹ́ okùn, wọ́n kàn lẹ òòfà dúdú kan mọ́ ìdí wọn. Kò sí ìda kankan nínú wáyà tí wọ́n wé. Wáyà tí kò bá sí ìda tó dì í mú á máa gbọ̀n bí ìró bá pọ̀, gbígbọ̀n yẹn ló ń han. Ìdí nìyí tí mo fi wá ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Ọkùnrin kan ní Ìlú Ọba ni, òun nìkan ló ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Òpó alnico, irin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà, ló ń lò, wáyà onínọ́ńbà 42, tó tín-ín-rín bí irun orí, ló ń fi ọwọ́ darí sórí rẹ̀, á yí i tó ìgbà 7,000 sí 8,000, lẹ́yìn náà á rì í sínú ìda gbígbóná kó lè wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ó bi mí léèrè orin tí mo ń ta. Mo ní jùjú àti orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n wọn láti àárín òpó kìíní dé àárín òpó kẹfà, nítorí pé ti Fender máa ń jẹ́ mìlímítà 52, ti ọ̀pọ̀ gìtá Ṣáínà sì máa ń jẹ́ 50. Tèmi jẹ́ 50, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é fún mi. Nígbà tó dé, ó wọ inú ihò rẹ̀ ṣáká. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Méjì ni mo rà, ti ọrùn àti ti àárín. Owó mẹ́ta kò sí lọ́wọ́ mi, ti ìdí gìtá, èyí tó wà lẹ́bàá bridge, ibi tí okùn ti dúró lára pákó, kò sì han rí, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó gbé e wá kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Wọ́n dá iye tó wù wọ́n lé e, ó ju iye tó wà nínú ìwé ẹni tó ṣe é lọ, wọ́n gba owó orí rẹ̀, wọ́n tún gba owó iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi ra pickup fúnra rẹ̀. Mo bínú, mo san án, mo gbé ẹrù mi.

Mo gbé gìtá lọ bá oníṣẹ́ kan ní apá Mushin, ibi tí àwa olórin ti ń ra nǹkan. N ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń tú okùn tàbí ṣí ojú gìtá, ẹni tó ń ta á mọ ìyẹn. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà wọn mọ́ ibi tó yẹ tán, ó so okùn, mo ki wáyà gìtá bọ áńpù. Ti ọrùn nìkan, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ti àárín nìkan, ó mọ́ lóló. Ọrùn pẹ̀lú àárín, kíkùn yẹn dákẹ́ pátápátá, nítorí pé ẹni tó ṣe é yí òòfà àti wíwé ti àárín sódì sí ti ọrùn, kí ariwo méjèèjì lè pa ara wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ti súwíìsì, èyí tó ń yan pickup tó máa dún, sí ojú kejì, àárín pẹ̀lú ìdí.

Ìró náà tán. Béèsì rẹ̀ lọ, ó wá tín-ín-rín bí ohùn ẹni tó ń pè láti inú fóònù, kíkùn rẹ̀ sì wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ojú kejì yìí ni mo fi ń jẹun. Nígbà tí Fender kọ́kọ́ ṣe Stratocaster lọ́dún 1954, súwíìsì ojú mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, àwọn olórin fúnra wọn ló ń há a sí agbede méjì láti gbọ́ ìró yìí. Ọdún 1977 ni wọ́n tó fi súwíìsì ojú márùn-ún sí i. Bí mo bá ń ta tẹ́nọ̀, ìlà gìtá jùjú tó ń yí po léraléra, ibẹ̀ ni mo máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ òde dé òpin.

Oníṣẹ́ mi gbé orí sókè, ó ní, "Bọ̀dá, pickup yín ni ò dáa o. Ti àárín yẹn ti jó. Ẹ dá a padà fún wọn."

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe máa jó, tó sì ń dùn lóun nìkan? Tó tún ń dùn pẹ̀lú ti ọrùn?"

Ó ní àwọn òyìnbó náà ń ṣe fake. Lẹ́yìn náà ó ní súwíìsì ni. Mo ra súwíìsì, mo san owó iṣẹ́, kò yí padà. Ó ní fọ́lúùmù ni. Ó yọ 250k tó wà níbẹ̀ (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe ń dènà iná tó), ó fi 500k sí i, nọ́ńbà tí àwọn tó ń lo humbucker, pickup oníwíwé méjì tí wọ́n ṣe kó má baà kùn, máa ń fi sí tiwọn. Gìtá wá ń gún etí lójú márààrún, mo sì ní láti ra 250k mìíràn nígbà tó yá. Ní gbogbo àkókò yìí, kò fi mítà kan ohunkóhun. Ìgbà tó wá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, tó ní òun ní pickup orígínà tí òun lè tà fún mi, ni mo kó gìtá mi sínú àpò, tí mo dágbére.

Ohun tí mo ń rò lójú ọ̀nà ni pé pickup méjì kan kò bára mu níbẹ̀. Àárín bá ọrùn mu. Àárín kò bá ìdí mu. Ẹni tó ṣe àárín ló ṣe ọrùn, iléeṣẹ́ mìíràn ló ṣe ìdí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ń tì nígbà tí èkejì ń fà, wọ́n á pa ìró ara wọn ni.

Mo yá mítà alábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àbúrò kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò wa ní Ṣómólú. N ò tiẹ̀ ṣí gìtá. Mo ki wáyà gìtá bọ ihò rẹ̀, mo gbé fọ́lúùmù dé òpin, mo fi ọwọ́ mítà kan kan ṣóńṣó ẹnu wáyà tó kù níta, mo fi èkejì kan ọrùn irin ẹnu náà, mo sì yí mítà sí ibi tó kéré jù ní DC. Mo wá fi irin sùkúrù-díráfà lu orí òpó pickup jẹ́jẹ́. Ti ọrùn, abẹ́rẹ́ ta sí ọ̀tún. Ti àárín, ó ta sí ọ̀tún. Ti ìdí, abẹ́rẹ́ já sí òsì! Mo tún un ṣe kó dá mi lójú. Òsì ni. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wọlé.

Kí n tó jó ohunkóhun, mo yọ òòfà kékeré kan nínú ayáfóònù tó ti bàjẹ́, mo so ó mọ́ òwú. Bí mo bá gbé e sún mọ́ ọrùn, ojú kan ló ń kọ sí i, ojú kan náà ló kọ sí ìdí. Bó ṣe dé orí àárín, ó yí ara rẹ̀ padà wàì nínú òwú. Ìyẹn ni pé òòfà ìdí àti ti àárín ti yàtọ̀ síra bó ṣe yẹ, tí mo bá yí wáyà ìdí padà, ìró á kún, kíkùn náà á sì rọlẹ̀.

Mo ṣí i, mo jó wáyà ìdí tó wà lára ẹ́ẹ̀tì kúrò, mo gbé e sí súwíìsì, mo gbé èyí tó wà ní súwíìsì sí ẹ́ẹ̀tì. Èmi fúnra mi ló jó o, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ń dán. Ojú kejì padà, ó nípọn, ó ń dún kọ́ kọ́ kọ́ bí mo ṣe fẹ́ kí tẹ́nọ̀ dún. Kíkùn rẹ̀ kò dákẹ́ tán bíi ti ọrùn àti àárín, nítorí iye wáyà tí wọ́n wé sórí méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ti rọlẹ̀ tó fún ṣọ́ọ̀ṣì. A sì ti tún lọ òde, áńpù lọ sókè, kò sí èyí tó han.

Bí ẹ kò bá ní ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi mítà wo ibi tí abẹ́rẹ́ ta sí lórí èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ sì wo ojú tí òòfà rẹ̀ kọ sókè, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí i, á ṣe tiyín kó bá a mu. Bí pickup àtijọ́ náà bá ní pátákó irin lábẹ́ tí wọ́n so mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì, ẹ já irin yẹn kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fún un ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ẹ tó yí wáyà méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kùn sí i. Kí ẹ sì bi oníṣẹ́ léèrè bóyá ó ní mítà kí ẹ tó gbé gìtá lé e lọ́wọ́.