Bí Mo Ṣe Gba Àkọsílẹ̀ Tí Ọkọ̀ Mi Kọ Nípa Mi

Owó adójútòfò ọkọ̀ mi lọ sókè lójijì lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ n kò kọlu ẹnikẹ́ni, ọlọ́pàá kò sì dá mi dúró rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ mi ló fà á. Mo rántí ohun tí New York Times gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, pé General Motors ń ta ìròyìn nípa bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń wakọ̀ fún LexisNexis àti Verisk, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn nípa àwọn ènìyàn jọ, tí àwọn náà sì ń tà á fún àwọn adójútòfò. Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe ti General Motors, ṣùgbọ́n ara fu mí.

Òfin Amẹ́ríkà fún wa láṣẹ láti gba ẹ̀dà irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 12. Mo lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó wọn jọ, wọ́n sì ní kí n kọ ọjọ́ ìbí mi, nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi àti ti Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni) sílẹ̀: ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bù sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà dé pẹ̀lú nọ́ńbà tí mo fi ṣí fáìlì náà.

Wọn kò kọ ibi tí mo lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí tí mo gbéra àti èyí tí mo dúró, iye máìlì, àti iye ìgbà tí mo tẹ bíréèkì lójijì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé ìwòsàn, nítorí náà òru ló pọ̀ jù nínú ìrìn mi, ojú ewu ni wọ́n sì fi ń wo òru. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ajá aládùúgbò mi já sójú títì, bíréèkì tí mo tẹ̀ wà níbẹ̀, ajá kò sí. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́jà, orúkọ mi ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo wá ṣí áàpù ọkọ̀ náà, mo sì rí ètò "ìwakọ̀ rere" kan tí mo ti fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń wo kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́wọ́ mi. Mo ti ètò náà pa. Òfin Texas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ kí ènìyàn lè ní kí ilé-iṣẹ́ pa ìròyìn rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 45. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, èsì sì dé lọ́jọ́ kejìdínlógójì: wọ́n ti pa èyí tó wà lọ́wọ́ wọn rẹ́, ṣùgbọ́n kí n lọ bá àwọn tó ti gbà á sọ̀rọ̀ fúnra mi. Lẹ́tà ìyẹn ni mo ń kọ lọ́wọ́.