Bí a ṣe ń fi báàgì ẹ̀yìn kan àti owó níwọ̀nba rin ìlú Róòmù

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé olówó nìkan ni Róòmù wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ Michelangelo agbẹ́gilére àti Caravaggio ayàwòrán, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, omi mímu ń dà lójú títì tọ̀sán tòru, ẹsẹ̀ lásán sì tó láti fi yí àárín ìlú ká. Ẹrù ni ìlú yìí kò gbà. Òkúta dúdú kéékèèké ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀, ẹni tó bá ń wọ́ àpótí onítáyà lórí wọn á gbọ́ ariwo rẹ̀ títí tí táyà á fi yọ. Nítorí náà, báàgì la ó kọ́kọ́ mú.

1. Ẹ di ẹrù tó fúyẹ́

Báàgì ẹ̀yìn tí kò ju lítà 40 lọ ti tó. Aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta tí ẹ lè máa fọ̀, bàtà tó ti bá ẹsẹ̀ yín mu tẹ́lẹ̀, ike omi kan, àgádágodo kékeré kan, àti ìborùn kan. Ẹ má fi ìborùn yẹn sílẹ̀, ì báà jẹ́ ọkùnrin ni yín. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Vatican, ibùjókòó póòpù, kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ wà níta wọlé, bó ti wù kí oòrùn mú tó.

2. Ẹ tètè ṣètò físà

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kódà bó bá ń gbé ní London. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí ilẹ̀kùn yìí. €90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Wọ́n á béèrè ìwé ìbánigbófò tó kájú €30,000 ó kéré tán, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

3. Láti pápákọ̀ òfuurufú dé ibi oorun

Pápákọ̀ Fiumicino ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bà sí. Ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express lọ tààrà sí ibùdó Termini, €14 ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní FL1 kò dé Termini, ṣùgbọ́n ó ń dúró ní Trastevere, Ostiense àti Tiburtina, ó sì dín owó púpọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Termini náà dín owó, àfi tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá mú un lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lẹ rà fún FL1, ẹ fi sínú ẹ̀rọ tó wà níbi ìwọkọ̀ kó lù ú ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀ dà bí èyí tí a kò rà lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìtanràn á sì tẹ̀ lé e.

Àgbègbè Termini ni họ́sítẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí. Kò rẹwà, ariwo sì wà, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ló ń gba ibẹ̀. Wọ́n á gba owó orí ìlú lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í sábà sí nínú iye tí ẹ ti san lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè kí ẹ tó dé, kó má di àríyànjiyàn lórí káńtà.

4. Ọjọ́ kìíní: ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò

Láti Termini, ẹ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro in Vincoli. Ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ìwo méjì sì wà lórí rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ sí Colosseum, pápá ìṣeré ńlá àwọn ará Róòmù àtijọ́, ẹ yí i ká láti ìta, kí ẹ wá tọ Via dei Fori Imperiali dé Piazza Venezia. Bí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó kan Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. €5 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2023.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò jìnnà sí Pantheon: ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi. Ní igun òsì, nítòsí pẹpẹ, àwòrán mẹ́ta tí Caravaggio yà nípa Mátíù wà nínú òkùnkùn. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí a ń sọ ẹyọ owó sí kí iná tó tàn. Ẹ ó rí Mátíù agbowó òde lórí ìjókòó níbi tábìlì owó, ìmọ́lẹ̀ gba apá ọ̀tún wọlé bọ̀ ọ́ lójú, Jésù na ìka sí i. Bó bá yá, iná á kú pàì, gbogbo èèyàn á wá máa wo ara wọn lójú, ta ni yóò sanwó báyìí? (Ẹ ní sùúrù, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́ sí i.) Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì a máa tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, nítorí náà òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ fi lọ.

5. Omi àti oúnjẹ

Ẹ̀rọ omi onírin tí wọ́n ń pè ní nasone wà káàkiri ìlú, ó lé ní 2,000. Láti ọdún 1874 ni wọ́n ti ń rì wọ́n mọ́lẹ̀. Omi inú wọn mọ́, ó sì tutù. Ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀rọ náà nísàlẹ̀, omi á tú jáde láti ihò kékeré tó wà lókè ọ̀nà omi náà bọ́ sí yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ń ra omi inú ike nílùú yìí ló fẹ́ ná owó rẹ̀.

Ẹ mu kọfí lórí ìdúró níwájú káńtà; bí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì, owó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ní ibi tí wọ́n ti ń ta pizza al taglio, ìyẹn písà tí wọ́n ń gé tà, ẹ fi ọwọ́ júwe bó ṣe máa tóbi tó, wọ́n á fi ọ̀bẹ tàbí sáàsì gé e, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ẹni tí oúnjẹ ilé bá ń wù, kó lọ sí ọjà Esquilino nítòsí Piazza Vittorio: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ilá wà níbẹ̀. Bí họ́sítẹ́ẹ̀lì yín bá ní ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

6. Ẹ ṣọ́ra

Àwọn jàgùdà fẹ́ràn Termini, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì 64 tó ń lọ sí apá Vatican. Ẹ gbé báàgì síwájú, kí fóònù má sì sí nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Bí ẹnì kan bá pè yín ní "brother" tó sì fẹ́ so òkùn aláràbarà mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Owó ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti fòfin de jíjókòó sórí àtẹ̀gùn Piazza di Spagna, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó €400.

7. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ náwó sí

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum ṣáájú. Orúkọ yín ni wọ́n ń kọ sí i, ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, kí ẹ sì fi báàgì ńlá sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọn kì í gbà á wọlé. Ọ̀fẹ́ ni lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, àmọ́ ìlà ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù ni ti musíọ̀mù Vatican.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ kì í gbowó ìwọlé. Gígun òkè òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún: àtẹ̀gùn 551 ni, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn há tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri fi dagun. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó má wulẹ̀ dán an wò. Kó ya ọwọ́ ọ̀tún bó bá ti wọlé. Ère Pietà tí Michelangelo gbẹ́, níbi tí Màríà ti gbé òkú Jésù lé ẹsẹ̀, wà níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀.